Ọlọ́pàá Tí Ebi Ti Pa Rí

Ǹjẹ́ ẹni tí ó ti rú òfin rí lè di ẹni tí a ń fi òfin lé lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí ni ó wà ní ìdí fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tí Charles Chaplin ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1917. Easy Street ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń ka èdè Faransé mọ̀ ọ́n sí Charlot policeman.

Aláìrílégbé kan wọ ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ń gba àwọn tálákà. Ó jí àpótí owó ọrẹ ibẹ̀ pamọ́ sínú ṣòkòtò rẹ̀. Inú rere ọmọbìnrin kan tí ó wà níbẹ̀ mú kí ojú tì í, ó sì dá àpótí náà padà. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ gba iṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n rán an lọ sí àdúgbò tí ìpáǹle kan ti ń jẹ gàba, níbi tí wọ́n ti ń lu àwọn ọlọ́pàá ní àlùbolẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó ti ká obìnrin kan mọ́ ibi tí ó ti jí oúnjẹ nítorí ebi. Nígbà tí obìnrin náà bú sẹ́kún, kò mú un lọ sí àgọ́. Ńṣe ni ó tún kó oúnjẹ sí i fún un lórí ìsọ̀ ọlọ́jà tí ó sùn lọ. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Kí ni kí a wá wí nípa ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba, tí ó sì fúnra rẹ̀ gun àjà náà?

Àwọn kan yóò sọ pé àánú ni. Òótọ́ ni pé ẹni tí ebi ti pa rí a máa tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin olè àti ẹni tí ebi ń pa. Ọlọ́pàá tí kò mọ ebi lè rí òfin, kí ó má rí ènìyàn. Síbẹ̀, ta ni ó san owó àánú yìí? Ọlọ́jà ni, kì í ṣe ọlọ́pàá. Àánú tí a fi ohun olóhun ṣe kò tíì pé. Ó kàn gbé ìyà kúrò léjìká kan sí òmíràn ni. Ká ní owó ara rẹ̀ ni ó fi ra oúnjẹ náà, ì bá ṣàánú láì ba òdodo jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí kò tíì wọ aṣọ ìjọba ni ó dá ohun tí ó jí padà. Ìgbà tí ó wọ̀ ọ́ tán ni ó tún mú ohun olóhun. Ìtìjú ni ó kọ́kọ́ tún ìwà rẹ̀ ṣe, kì í ṣe aṣọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí ìtìjú yẹn kò bá kú nínú rẹ̀. Lára ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn kan yóò wọ aṣọ ọlọ́pàá, ti aṣọ́bodè tàbí ti adájọ́ lọ́la. Kí wọ́n rántí obìnrin tí ebi ń pa. Kí wọ́n sì rántí ọlọ́jà tí ó sùn.