Jẹ́tírò Lẹ́yìn Oyè

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Ẹ́kísódù, orí 18, láti ẹsẹ 13. Níbẹ̀ ni a rí Mósè tí ó jókòó láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tí àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká pẹ̀lú ẹjọ́ wọn. Jẹ́tírò àna rẹ̀ ń wò ó. Mósè kì í ṣe òpè. Ààfin Íjíbítì ni ó ti kàwé. Ṣùgbọ́n ohun kan kù tí ẹ̀kọ́ náà kò fi lé e lọ́wọ́, èyí nì, àgbà tí yóò wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì wí fún un láìfòyà pé ẹrù náà wúwo jù fún ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba oyè kejì ní Yunifásítì lórí iṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Wẹ́fíà. Púpọ̀ nínú wọn lọ kọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, àwa ará ilé a máa bèèrè pé, Èló ni owó oṣù? Nígbà wo ni ìwọ yóò di ọ̀gá? A kò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí àwọn mìíràn ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí owó ẹ̀kọ́ náà san. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú: Ta ni yóò máa ṣe àbójútó rẹ?

Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8, tí a bí ní Ivory Coast. Àwọn òbí rẹ̀ fi í lé ìbátan kan lọ́wọ́ kí ó lè kàwé ní Yúróòpù. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2000 ni ó kú ní London nítorí ìyà tí ìbátan náà àti ọkùnrin kan fi jẹ ẹ́. Ojú ọgbẹ́ 128 ni a kà lára rẹ̀. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé òṣìṣẹ́ tí ọ̀ràn ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáradára, pé iṣẹ́ tí a dì lé e lórí pọ̀ jù, àti pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò bójú tó o bí ó ti yẹ. Ó ní ìwé ẹ̀rí. Jẹ́tírò ni kò ní.

Láti ọdún 2012 ni a ti ya ọdún kan sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ tuntun. A ó dín iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Alábòójútó yóò máa bá a jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di oṣù mẹ́fà, kí ó tó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. (Télọ̀ tí ó gba fúrídọ̀mù náà a ṣì máa tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ bí aṣọ olówó ńlá bá dé ọwọ́ rẹ̀.) Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ọdún yìí di dandan fún gbogbo agbanisíṣẹ́. Ohun tí òfin fi dandan lé ni pé kí òṣìṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, kí ó sì máa sọ ọ́ di ọ̀tun lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹ̀rí pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, kí wọ́n bèèrè orúkọ ẹni tí yóò ṣe àbójútó wọn, iye ìgbà tí yóò máa bá wọn jókòó, àti iye ìdílé tí a ó fi lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù àkọ́kọ́.