Èsì Tí A Yàn

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n: bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, ògì á tètè jò, ṣùgbọ́n èèrí á bá a lọ. Bó bá sì dí jù, ilẹ̀ á ṣú bá wa nídìí ẹ̀.

Ìṣòro kan náà ló wà nídìí ike tí wọ́n fi ń ya gáàsì sọ́tọ̀. Mólékù carbon dioxide fẹ̀ tó 0.33 nanometer, ti nitrogen tó 0.364. Ìyàtọ̀ yẹn mà kéré o! Ní 1991, Lloyd Robeson fi hàn pé ike tó ń jẹ́ kí gáàsì yára kọjá kì í sábà mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Ní 2004, Peter Budd, Neil McKeown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Manchester gbé PIM-1 jáde: ike tí egungun rẹ̀ le, tó sì wọ́, tí kò lè tò mọ́ra wọn, tí ihò kéékèèké fi kún inú rẹ̀.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe àfarawé PIM-1 lórí kọ̀ǹpútà. Ó to átọ́ọ̀mù sínú àpótí márùn-ún, ó ní kí wọ́n máa rìn. Àpótí kan bá ohun tí wọ́n wọ̀n ní láàbù mu, mẹ́rin ò bá a mu. Ó wá fi ẹyọ kan yẹn sínú ìwé rẹ̀. Ṣé ó parọ́?

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ ìdánwò yìí. Tẹ́ẹ̀sì á kùnà lẹ́ẹ̀mẹrin, á yege lẹ́ẹ̀karùn-ún, a ó ní "ó ti ṣiṣẹ́." A ò yí nọ́ńbà kankan. Síbẹ̀, irọ́ ni lójú tiwa, torí ẹni tó fi mẹ́rin pamọ́ ti bá òǹkàwé pinnu ohun tó máa gbà gbọ́.

Ẹ lè ní àpótí mẹ́rin yẹn ni kò dára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rí èsì ló yẹ kó ti ṣòfin ohun tó máa dà nù. Bí kò bá sí òfin bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ àárín àwọn àpótí náà wà lára èsì.

PIM-1 sì ń darúgbó. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ihò inú rẹ̀ ń súnkì, gáàsì ò sì kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Àfarawé tí kò ju ìwọ̀nba nanosecond lọ ò lè rí ìyẹn. Ẹni tó máa ra ike náà ló máa rí i. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ jẹ́ ká kọ márààrún sílẹ̀.