Ṣé Irọ́ Ni "Ẹ Má Sanwó"?

Nílé oúnjẹ àwọn ará Ìráànì kan ní Kensington, London, a jẹ ìrẹsì àti kẹ̀bábù, títí kan tahdig, ìrẹsì ìdí ìkòkò tó gbẹ kàkà. Nígbà tá a fẹ́ sanwó, bàbá tó ni ibẹ̀ ní, "Kò tó nǹkan, ẹ fi sílẹ̀." Ọ̀kan nínú wa ti ń ti káàdì ẹ̀ bọ àpò padà! Taarof ni wọ́n ń pè é: ńṣe lẹ máa rọ̀ ọ́ títí á fi gbà á. Ṣé irọ́ ni bàbá pa? Tó bá jẹ́ irọ́, kí ni "ẹ wá jẹun" táwa ń sọ nígbà tí oúnjẹ ku òkèlè méjì? Ẹni tá a pè mọ̀ pé "á gba ibi ire" ni ìdáhùn. A ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ ẹni tí ò mọ àṣà ńkọ́? Ká ní ọ̀rẹ́ wa jáde láìsanwó ni, ìtìjú ò ní jẹ́ kí bàbá pè é padà.