Ẹ Yan Olórí Yín
Ẹ̀kọ́: Deuterónómì 1:9-15

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin nínú Olúwa, Mósè kò lè dá ru ẹrù Ísírẹ́lì. Ó ní kí àwọn èèyàn fúnra wọn yan ọlọ́gbọ́n láàárín ẹ̀yà wọn. A fi àwọn kan jẹ olórí ẹgbẹ̀rún, a sì fi àwọn kan jẹ olórí ènìyàn mẹ́wàá. Olórí mẹ́wàá ló sún mọ́ ilé jù.

Ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ni olórí mẹ́wàá wa. Ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà àti kíkó pàǹtírí wà lára iṣẹ́ tí òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a dìbò káńsù ní Èkó ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, 2025, àwọn tó jáde kò pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ní, “Wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́.” Ṣùgbọ́n àgbàrá kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a múra sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC. Ẹni tó bá ti kó láti àdúgbò mìíràn wá, kó ní kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síhìn-ín. Ẹ mọ wọ́ọ̀dù yín àti ibi tí ẹ ó ti dìbò. Ẹ bi olùdíje léèrè ohun tí yóò ṣe sí gọ́tà yín. Ẹ má gba ìrẹsì ìbò.

Àdúrà dára, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì jáde. Olúwa yóò fún wa lọ́gbọ́n. Àmín.