Bí A Bá Ti Ilẹ̀kùn Ìjọ Pa



Púpọ̀ nínú wa ni iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé wá sí Enugu. Ìjọ ni agbo ilé wa níhìn-ín: níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ èdè wa, tí a ti ń rí ẹni bá wa yọ̀, tí a sì ń rí ẹni bá wa kẹ́dùn. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: Ọlọ́run ni mo wá sìn ni, tàbí ojú ènìyàn? Ẹni tí ó ń tajà ní Ogbete lè wá nítorí oníbàárà. Akọ̀wé lè wá nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ jókòó níwájú. A sì lè mú owó Ìkórè wá nítorí kí a lè pe orúkọ wa sókè.

Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn infulẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri, a ti ilé ìsìn pa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's kò tìtorí èyí dákẹ́ àdúrà. Joseph Sadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà nínú wọn, àti olùkọ́ kan, Sophia Odunlami. Kò sí àga iwájú, kò sí ẹni tí yóò ka orúkọ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń tọrọ.” Bẹ́ẹ̀ ni. Títọrọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ a máa tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn náà lọ, wọn kò jáwọ́ nínú àdúrà. Ní 1922, nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn, wọ́n kúrò nínú ìjọ náà; Sadare sì pàdánù ipò rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti oògùn, a lè má gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ẹni tí ó fi òtítọ́ inú sin Ọlọ́run lè ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé èrè ni wọ́n ń wá.

Ará, orin wa, aṣọ wa àti ọrẹ wa kò burú. Ìkarahun ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á yẹ inú rẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tí ń fi kóńgò wọn ìrẹsì wọ̀n ọ́n kún. Kí akọ̀wé ṣe ìwé tálákà láìgba kọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì ròyìn rẹ̀. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá a ní ìsìn kan tí yóò kù bí a bá ti ilẹ̀kùn ìjọ pa.