Nọ́ńbà Kan Péré Tó Ṣì

Nínú /dev lórí Linux, àwọn fáìlì kan wà tí wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀rọ àti sí kernel ni wọ́n, nọ́ńbà méjì tó wà lára wọn ni kernel sì fi ń dá wọn mọ̀, kì í ṣe orúkọ. Ti /dev/null, tó ń gbé ohun tí a bá dà sí i mì, ni 1 àti 3. Lóde òní, devtmpfs, tó wọ inú kernel ní 2009, àti udev ló ń ṣètò wọn fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bá yọ méjèèjì kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mknod, àṣẹ tó ń ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ni yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ lò.

Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ń tọ́jú fún iléeṣẹ́ kan. Ó fẹ́ da fáìlì kan nù, ó sì fi agbára root lo mv láti gbé e sọ sínú /dev/null. Ṣùgbọ́n mv kì í da nǹkan nù. Fáìlì yẹn ló jókòó sípò /dev/null, ẹnu ọ̀nà gidi sì pa rẹ́. Kò pẹ́ tí “Permission denied” fi gba ojú kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, àbùkù náà kò kúrò, torí orí dísìkì gan-an ni /dev rẹ̀ wà.

Ó wá pa fáìlì náà rẹ́, ó sì fi mknod ṣe òmíràn láti orí: c 1 5. Ti /dev/zero nìyẹn!

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó ti tọ́. Méjèèjì ló ń gbé ohun tí a bá dà sí wọn mì. Ìgbà tí a bá kà wọ́n la tó ń rí ìyàtọ̀: null kò ní nǹkan kan láti fún ni, zero ń tú òdo jáde láìdáwọ́ dúró. Lóru, iṣẹ́ tó máa ń fi cat /dev/null nu àwọn àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òdo sì ya wọ dísìkì títí ó fi kún bámúbámú. Ohun tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ náà kò ríbi wọlé.

Èmi ò bínú pé ó ṣì í tẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé devices.txt, ìwé tó ń bá kernel rìn, wà nílẹ̀, kò sì ṣí i. Kò tilẹ̀ wo ls -l, tí ì bá fi “1, 5” hàn án lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti pa èyí tó ṣì rẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: mknod -m 666 /dev/null c 1 3. Bí 666 kò bá sí níbẹ̀, root nìkan ló lè kọ sí i. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn ti wà nínú ìwé àṣẹ kan báyìí, òun ló ń ṣe àwọn fáìlì náà. Ọ̀rẹ́ mi kì í tẹ nọ́ńbà láti orí mọ́.