Hánà Jókòó Ti Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:21-28



Hánà sunkún púpọ̀ kí ó tó rí Sámúẹ́lì. Nígbà tí ó bí i tán, àkókò ẹbọ ọdọọdún tó, ará ilé Ẹlikánà sì gòkè lọ sí Ṣílò. Hánà kò bá wọn lọ. Ó ní ilé ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà. Ẹ kíyè sí ọkọ rẹ̀: kò bá a jà, ó gbà fún un. Hánà kò pa ìsìn tì. Ọmọ tí ó ń fún lọ́mú ni ìsìn rẹ̀ lákòókò náà. Nígbà tí ó tó àkókò, ó mú un lọ sí ilé Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bímọ, ọmọ náà a máa ké ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa fẹ́ ọmú lemọ́lemọ́. Èmi ni mo sọ pé, "Ìyàwó mi, omi ọmú rẹ kò tó ọmọ yìí." Mo po mílíìkì alágolo, mo sì fún un lómi mu. Nígbà tí ọmọ yó, kò fẹ́ ọmú mọ́. Bí kò sì ti mu ọmú, omi ọmú ń dínkù. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lọ́yẹ. A tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọmọ sí ọmú léraléra, omi ọmú sì padà.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sun sí i. Omi ọmú pípọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ikùn kékeré. Kí a má ṣe fún un dànù. Ọmọ tuntun lè mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàrin wákàtí 24. Bí ọmú bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe pé ó gbẹ. Láti nǹkan bí ọjọ́ 5, bí ọmọ bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lóòjọ́, tí ó sì ń wúwo sí i, omi ọmú tó o. Kò nílò omi tàbí àgbo títí yóò fi pé oṣù 6.

Nígbà mìíràn, omi ọmú a máa dín ní tòótọ́, bóyá nítorí àìsàn tàbí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó dànù níbi ìbímọ. Bí ọmọ kò bá tọ̀ dáadáa, tí ó ń sùn ṣáá láì mu ọmú, tàbí tí kò wúwo sí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Oúnjẹ tí dókítà bá pa láṣẹ kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀yin ìyá, ta ni yóò ṣe bí Ẹlikánà fún àwọn ìyá ìkókó àárín wa? Bí wọn kò bá wá sí ìpàdé, ẹ má ṣe bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ, ẹ bá wọn fọṣọ, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè sùn díẹ̀. Kí a tó sọ pé omi ọmú kò tó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá ìrànlọ́wọ́ wa ni kò tó.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí kì í gbàgbé ọmọ ọmú, ṣọ́ ẹnu wa, kí ó má ba ìyá kankan lọ́kàn jẹ́. Fi wá ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wọn. Àmín.